Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Obìnrin Tí Ń Rọbí Gba Ilé Ìwòsàn Lọ

Ọ̀pọ̀ ìrọbí máa ń bẹ̀rẹ̀ ní òru. Obìnrin á jí, á gbé ọwọ́ lé ikùn, á sì máa rò ó bóyá ti àná ni ó tún dé, èyí tí ó wá tí ó sì lọ, tàbí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ gan-an ni ó pé. Kò fẹ́ jí ọkọ rẹ̀ lásán. Ọkọ náà, bí ó bá jí, kò fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn onímọ́tò lásán. Inú ìṣiyèméjì yìí ni wákàtí máa ń lọ sí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé fún àwọn ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bí a ṣe ń mọ̀ pé ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ìgbà tí ó yẹ kí a kúrò nílé, àti àwọn àmì tí kò gbọdọ̀ bá wa lórí ìjókòó.

Ìpinnu yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ìwádìí lórí iye ènìyàn àti ìlera tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè, ìyá tí ó tó 512 ni ó ń kú nítorí oyún tàbí ìbímọ, àti pé 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbí ni ó ń wáyé ní ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1994, àwọn olùṣèwádìí méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, pín ìdádúró tí ó ń gba ẹ̀mí aboyún sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdádúró kí a tó pinnu pé a ó lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró kí a tó rí ìtọ́jú gbà nígbà tí a bá dé ibẹ̀. Ìkejì àti ìkẹta wà lọ́rùn ìjọba ní pàtàkì, a kò sì sẹ́. Ti àkọ́kọ́ ni ó wà nínú yàrá, lọ́wọ́ ìdílé, òun ni a sì fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ìrọbí tòótọ́ àti èyí tí kì í ṣe òun

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí oyún tó pé, ikùn máa ń le bí pákó fún ìgbà díẹ̀, á sì tún rọ̀. Ilé ọmọ ni ó ń múra sílẹ̀. Irú ìrora bẹ́ẹ̀ kì í ní ètò: ó lè wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan, kí ó má sì tún wá mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí obìnrin náà bá mu omi, tí ó tọ̀, tí ó yí ẹ̀gbẹ́ tí ó fi sùn padà tàbí tí ó rìn díẹ̀ nínú ilé, ó sábà máa ń lọ. Ìrora ìrọbí kì í gba irú ìpẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń wá létòlétò, àlàfo àárín rẹ̀ ń dínkù, ó ń pẹ́ sí i, ó sì ń le sí i. Lára àwọn kan, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó yí wá sí iwájú. Nígbà tí ó bá ti gbóná, obìnrin kì í lè sọ̀rọ̀ dópin bí ìrora bá dé; á dákẹ́ láàárín gbólóhùn, á sì wá nǹkan dì mú.

Kí a lè mọ àlàfo náà, ẹ wo aago. Ìgbà tí ìrora kan bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ó parí. Ìgbà tí èyí tí ó tẹ̀lé e bá bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ tún kọ. Iye ìṣẹ́jú tí ó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì ni a ń wá. Kí ẹlòmíràn bá a kọ ọ́, ìbáà jẹ́ sórí fóònù. Ẹni tí ìrora wà lára rẹ̀ kì í mọ iye.

Ohun kan tí ó ń yọ̀ bí ikun imú, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè dàpọ̀ mọ́, lè jáde lójú ara. Òun ni ó ti dí ẹnu ilé ọmọ láti ìgbà tí oyún ti dúró. Jíjáde rẹ̀ fi hàn pé ìrọbí ti súnmọ́lé, ṣùgbọ́n ó lè ku wákàtí díẹ̀, ó sì lè ku ọjọ́ mélòó kan. Ẹ kó ẹrù jọ, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó ìdí láti sáré. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni a wí o. Bí ó bá ń dà bí ti nǹkan oṣù, ọ̀ràn mìíràn ni, a ó sì dé ibẹ̀.

Bí ìrora tí ó ní ètò bá bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, kí a má ṣe dúró ka ìṣẹ́jú kankan. Ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ wà tí dókítà lè fún ìyá kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí kò tíì gbó lè lágbára díẹ̀ kí ó tó wáyé.

Àkókò tí a ó gbéra

Fún obìnrin tí ó ń bí àkọ́bí, tí oyún rẹ̀ ti pé, tí ara rẹ̀ dá, tí ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí ilé ìwòsàn, ìlànà tí àwọn agbẹ̀bí ń lò rọrùn láti rántí: kí ó gbéra nígbà tí ìrora bá ń wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tó ìṣẹ́jú kan, tí ó sì ti ń rí bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ kíyè sí àwọn ohun tí a kà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà. Obìnrin tí ọ̀kan nínú wọn kò bá mu kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà yẹn.

Ẹni tí ó ti bímọ rí, ara rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Ìrọbí ọmọ kejì tàbí ìkẹta sábà máa ń yára ju ti àkọ́bí lọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbéra ní kété tí ìrora bá ti ní ètò, ìbáà jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣì wà láàárín wọn. Bí èyí tí ó bí kẹ́yìn bá yára wá lọ́nà tí ó ya gbogbo ilé lẹ́nu, kí ó má tilẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ìlànà ìṣẹ́jú márùn-ún kò mọ̀ bóyá Yemẹtu ni ènìyàn ń gbé, tí ilé ìwòsàn àwọn aboyún ní Adéọ̀yọ́ wà nítòsí rẹ̀, tàbí oko kan lẹ́yìn Ìgbó-Ọrà tí ó jẹ́ pé ọ̀kadà nìkan ni ó ń dé ibẹ̀. Ẹni tí ó wà ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn, tí yóò kọ́kọ́ la ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ kọjá kí ó tó bọ́ sí títì tí ó lọ sí Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, kò gbọdọ̀ fi aago ará Ìbàdàn ka ìrora rẹ̀. Kí ará Ìbàdàn náà má sì fọwọ́ sọ̀yà: ẹni tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ bá ti dá dúró ní Ìwó Road ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì mọ̀ pé ìrìn kékeré lè di ti wákàtí kan.

Ìṣírò tí a dábàá nìyí. Ẹ ka iye àkókò tí ó ń gbà láti dé ilé ìwòsàn ní òru tí òjò ń rọ̀, kì í ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí ojú ọ̀nà dá. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ẹ gbéra nígbà tí ìrora bá ti ń wá déédéé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ó bá ju wákàtí kan lọ, ó sàn kí aboyún náà lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí ó súnmọ́ ilé ìwòsàn láti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú ọjọ́ tí a dá fún un.

Bí omi tí ó yí ọmọ ká bá dà, yálà ó ya bí ìgbà tí a da omi ife nù tàbí ó ń kán díẹ̀díẹ̀, ẹ máa lọ, bí ìrora kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò àrùn láti wọ ilé ọmọ. Ẹ rántí wákàtí tí ó dà, nítorí agbẹ̀bí yóò bèèrè, kí ẹ sì wo àwọ̀ rẹ̀. Omi tí ó mọ́ kò ní wàhálà. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé tàbí tí ó dúdú, ọmọ ni ó ti yàgbẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ má jáfara. Kí ẹnikẹ́ni má sì ki ọwọ́ bọ ojú ara obìnrin náà nílé láti wo ibi tí ọmọ dé.

Fún àwọn mìíràn, ìrora àkọ́kọ́ ni agogo: ẹni tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ìdí ni ọmọ kọ sísàlẹ̀ tàbí pé ibi ọmọ ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára rẹ̀ nígbà ìbí tí ó kọjá, àti ẹni tí ó lóyún ìbejì. Àárín wa ni ìbejì pọ̀ sí ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lágbàáyé lọ. Ìwádìí ti rí i ní ilẹ̀ Yorùbá pé ó ju 40 lọ nínú ìbí 1,000, orúkọ Ìgbó-Ọrà sì ti kàn káàkiri ayé nítorí rẹ̀. Bí ojú wa ti mọ́ wọn lára tó yìí ni ó ń mú kí àwọn kan fojú kékeré wo ìbí wọn. Táíwò lè wá wẹ́rẹ́, kí Kẹ́hìndé sì dábùú. Ilé ìwòsàn tí ó ní yàrá iṣẹ́ abẹ ni a ń bí ìbejì sí.

Àwọn àmì tí kò ní ìṣẹ́jú nínú

Bí a bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú ohun tí a fẹ́ kà yìí, kí a gbéra nígbà náà gan-an, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru, ìbáà jẹ́ pé ìrora kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ẹ̀jẹ̀ ni ó ṣáájú. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ṣàn kí ọmọ tó wáyé, pẹ̀lú ìrora tàbí láìsí i, lè jẹ́ pé ibi ọmọ ń ṣí kúrò lára ilé ọmọ tàbí pé ó dí ọ̀nà àbájáde.

Orí fífọ́ tí kò gbọ́ oògùn, ojú tí ó ń ṣú tàbí tí ó ń rí ìmọ́lẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, ojú àti ọwọ́ tí ó wú lójijì, àti ìrora lókè ikùn lábẹ́ egungun ìhà: ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń kéde. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, gìrì lè mú aboyún náà. A mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ilé, bí ara aboyún bá ń gbọ̀n tí ojú rẹ̀ sì yí, ẹni tí ó ń bá a jà ni a kọ́kọ́ máa ń wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń bá a jà. Oògùn tí ń jẹ́ magnesium sulphate ni àwọn oníṣègùn fi ń dá gìrì yìí dúró, abẹ́rẹ́ ni, ilé ìwòsàn ni a sì ti ń gbà á. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da àgbo sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ.

Ọmọ tí kò yí mọ́ bí ó ti ń yí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ọmọ tí ó ń sinmi de ìrọbí. Ẹ lọ kí wọ́n gbọ́ ìlù ọkàn rẹ̀. Ara gbígbóná náà kò dára, pàápàá lẹ́yìn tí omi bá ti dà. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ bá yọ ṣáájú orí, tàbí tí okùn ìwọ́ rẹ̀ yọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tì í padà. Kí obìnrin náà kúnlẹ̀, kí ó fi àyà lélẹ̀, kí ìdí rẹ̀ ga ju orí lọ, títí ọkọ̀ yóò fi dé.

Ó ku ìrọbí tí ó pẹ́ jù. Bí ìrora líle tí ó ń wá déédéé bá ti lé ní wákàtí 12 tí ọmọ kò tíì wáyé, níbikíbi tí obìnrin náà bá wà, yálà nílé, lọ́dọ̀ ìyá àbíyè tàbí ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, kí a gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Ibí yìí ni a ti ń fi àgbo tàbí abẹ́rẹ́ mú ìrọbí yára ní àwọn ibì kan. Bí ọ̀nà bá há fún ọmọ, tí a sì ń fi oògùn lé ilé ọmọ léré, ilé ọmọ lè ya, kí ìyá àti ọmọ sì bá a lọ. Ìyá àbíyè tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹni tí ó tètè sọ pé, "Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí a máa lọ." A sì ti rí irú wọn púpọ̀.

Àwọn ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé wà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 33 ìpínlẹ̀ yìí, wọ́n sì tó fún ìbí tí kò ní ìṣòro. Bí àmì ewu bá yọ, tí ilé ìwòsàn ńlá kò sì jìnnà, ẹ lọ síbẹ̀ tààrà. Bí ó bá jìnnà, ẹ yà sí ibùdó tí ó súnmọ́ yín jù kí wọ́n fún un ní ìtọ́jú àkọ́kọ́, kí wọ́n sì tẹ ilé ìwòsàn tí ẹ ń lọ láago.

Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ padà sílé

Ẹnu ilé ọmọ gbọ́dọ̀ ṣí dé sẹ̀ǹtímítà 10 kí ọmọ tó kọjá. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 sọ pé láti sẹ̀ǹtímítà 5 ni a ó ti ka ìrọbí sí èyí tí ó ti gbóná. Ṣáájú ìgbà náà, ó lè máa fà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò sì sí iye kan pàtó tí a lè dá fún un. Ìdí nìyí tí agbẹ̀bí fi lè yẹ obìnrin wò, kí ó rí i pé àlàáfíà ni ìyá àti ọmọ wà, kí ó sì ní kí ó padà sílé lọ jẹun, kí ó mu omi, kí ó sinmi.

Ohun tí ó máa ń tẹ̀lé èyí ni ó ń bà wá lẹ́rù. Ìtìjú ni. Ọkọ ti sanwó ọkọ̀ òru, aládùúgbò ti rí wọn tí wọ́n gbé àpò jáde, wọ́n sì tún rí wọn tí wọ́n gbé e wọlé. Obìnrin náà á wá pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní tún fi ara òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ìrora tòótọ́ bá dé, á mú un mọ́ra kọjá ibi tí ó yẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí a dá padà lẹ́ẹ̀mẹta tí ó sì bí ìkẹrin sọ́wọ́ agbẹ̀bí kò pàdánù ohunkóhun ju owó ọkọ̀ lọ. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, kí ó bèèrè bí ìlù ọkàn ọmọ ti rí, ibi tí ẹnu ilé ọmọ ṣí dé, àti ohun tí yóò rí kí ó tó padà wá. Bí ilé rẹ̀ bá jìnnà, kí ó sọ ọ́ gbangba, kí ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró ní àyíká.

A kò ní fi pamọ́ pé ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ kan máa ń le. Èébú kì í ṣe ara ìtọ́jú, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá ilé ìwòsàn náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹjọ́ náà dúró de ẹ̀yìn ìbí.

Ta ni yóò sọ pé ó yá?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹni tí ń rọbí kọ́ ni ó ń sọ pé ó yá. A ń dúró de ọkọ tí ó lọ sí Èkó. A ń dúró de ìyá ọkọ. A ń dúró kí wòlíì tàbí àlùfáà gbàdúrà, a sì ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ẹni tí ó ní ọkọ̀ ní àdúgbò nítorí ìbẹ̀rù ayé. A bọ̀wọ̀ fún àgbà, a sì gba àdúrà gbọ́. Àdúrà ṣe é gbà nínú ọkọ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí gbogbo ìyọ̀ǹda ti wà nílẹ̀ kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ. Kí ọkọ sọ ọ́ lójú ìyàwó rẹ̀ àti lójú àwọn àgbà ilé pé, "Bí n kò bá sí nílé, ẹ má dúró dè mí." Kí ó sọ ti iṣẹ́ abẹ náà pẹ̀lú, pé bí dókítà bá ní ó di dandan, òun ti gbà. Ìbẹ̀rù ọ̀bẹ ni ó ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin dúró sílé. Wọ́n rò pé bí àwọn bá dé nígbà tí orí ọmọ ti ń yọ, kò ní sí àyè fún iṣẹ́ abẹ. Òdìkejì ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀: ẹni tí ó tètè dé ni agbẹ̀bí lè ràn lọ́wọ́ kí ó fi ara rẹ̀ bí i, ẹni tí ó ti rọbí fún ọjọ́ méjì ni a máa ń gbé tààrà lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí a sì fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ bímọ bí àwọn yòókù. A kò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń pè é ní ọ̀lẹ.

Ìmúrasílẹ̀ yòókù kò le. Ẹ bá onímọ́tò méjì sọ ọ́ ṣáájú, nítorí ọ̀kan lè má sí nílé, kí ẹ sì tọ́jú owó epo sọ́tọ̀. Ẹ wá ẹni méjì tí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ti yẹ̀ wò pé ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti ìyá mu. Káàdì ìtọ́jú oyún ni ẹrù tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé, nítorí pé òun ni yóò sọ ìtàn aboyún fún ẹni tí kò rí i rí. Ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú OYSHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yìí, kí ó bèèrè ní ilé ìwòsàn rẹ̀ ṣáájú ohun tí ètò náà yóò san fún un. Nọ́ḿbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè yìí ni 112. Ẹ pè é, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí òun nìkan jẹ́ ìrètí yín.

Bí ọmọ bá ṣáájú wa dé

Nígbà mìíràn, ọmọ á wá nílé tàbí nínú ọkọ̀. Ẹ má fà á. Ẹ kàn gbà á. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, ẹ gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ ní ìhòòhò, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ bo àwọn méjèèjì. Ẹ má wá abẹ láti fi gé ìwọ́. Kò sí ewu nínú pé kí ó wà lára ọmọ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní irinṣẹ́ mímọ́. Ẹ má sì fa okùn náà nítorí pé ẹ fẹ́ kí ibi jáde.

Kí a má tíì máa kí ara wa pé "Ẹ kú ewu ọmọ", nítorí ewu náà kò tíì kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà lẹ́yìn ìbí lè gba ẹ̀mí ìyá láàárín wákàtí méjì. Bí ibi kò bá jáde láàárín ìṣẹ́jú 30, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń rin aṣọ kan tẹ̀lé òmíràn, tàbí tí òòyì ń kọ́ ìyá, kí onímọ́tò má ṣe yà síbì kankan. Bí ara ìyá bá gbé e, kí ọmọ máa mu ọyàn lójú ọ̀nà, nítorí pé ọyàn mímu ń mú kí ilé ọmọ sún kì, ẹ̀jẹ̀ á sì dínkù. Bí ibi bá ti jáde, ẹ mú un dání nínú ọ̀rá. Agbẹ̀bí yóò wò ó bóyá ó pé, nítorí pé èyí tí ó bá ṣẹ́kù sínú ni ó ń fa ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ lè gbà á padà, kí ẹ lọ bò ó mọ́lẹ̀ bí àṣà ilé yín ti rí.